Ewúrẹ́ Kọ́ Ló Jẹ Ẹ́

Epo wọ́n, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sùn sábẹ́ ibùsùn,
ni bàbá mi bá ní kí wọ́n gbé àkàbà wá.
Orí àjà ló ti fa ìgbòkun rẹ̀ yọ,
eruku ogún ọdún bọ́ lé gbogbo wa lórí,
alángbá méjì, ìgbẹ́ eku,
àti òórùn ọ̀sà tí mo rò pé mo ti gbàgbé.

"Ṣẹ̀gi, bá mi rán an."
Bí ẹni pé kọ́là ẹ̀wù ni.

Èmi tí mò ń rán yunifọ́ọ̀mù fáwọn ọmọ Ìwópìn,
ṣòkòtò péńpé, bọ́tìnnì mẹ́fà mẹ́fà,
ìgbà wo ni mo rán aṣọ tó fẹ̀ ju yàrá lọ rí?
Mo ti àga, mo ti tábìlì, mo ṣí ilẹ̀kùn.
Apá kan ìgbòkun wà lábẹ́ abẹ́rẹ́,
apá kejì wà níta, tí adìẹ ń rìn lórí rẹ̀
bí ẹni tó sanwó rẹ̀.

Síńgà ìyá mi kò kọ iṣẹ́ rí,
àmọ́ nígbà tó rí ìṣẹ́po mẹ́rin yìí, ó kọ̀.
Abẹ́rẹ́ kìíní kán. Ìkejì kán.
Ìkẹta fò kọjá létí mi.
Mo fi àbẹ́là ra òwú àwọ̀n lára,
mo bọ́ bàtà, mo ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀
díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń bẹ ọmọ olóríkunkun pé kó jẹun.

"Rọra," ni bàbá wí láti ìdí ògiri.
Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, etí ló fi ń wo iṣẹ́.
"Ibi tó o wà yẹn, ìjì ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn ló ya á."

Àpò ìyẹ̀fun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyẹ̀fun,
etí ìró ìyá àgbà, tapólì ọkọ̀ tó rì,
àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀, mo ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lọ,
títí ọwọ́ mi fi kan aláwọ̀ ewé.

Mo dá ẹsẹ̀ dúró.

Onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ó ti ṣá,
ṣùgbọ́n àpò àyà ṣì wà níbẹ̀,
tàdáwà tí bírò mi tú sí i ní ìwé kẹfà
ṣì dúdú ní igun rẹ̀ bí ojú ẹja.
Yunifọ́ọ̀mù mi.
Èyí tí wọ́n ní ewúrẹ́ Ìyá Dèhìndé jẹ lórí okùn
lọ́dún tí n kò padà sílé ìwé mọ́.
Mo sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ ewúrẹ́ náà lókùúta,
ó sì ń tiro títí wọ́n fi pa á.

Mo wo bàbá.
Ẹ̀rọ ti dákẹ́, òun náà dákẹ́.
Ìka rẹ̀ ń wá nǹkan lórí orúnkún rẹ̀.
"O ti dé ibẹ̀." Kò fi ṣe ìbéèrè.
Ó pẹ́ kó tó ní: "Ó gba afẹ́fẹ́ dúró.
Àwa mẹ́jọ ló gbé dé èbúté lóru ọjọ́ náà."

Abẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi ń tú aṣọ wà nítòsí.
Mo mú un. Mo fi í sílẹ̀.
Mo fi òwú funfun yí aláwọ̀ ewé náà ká lẹ́ẹ̀mejì,
bí mo ti ń ṣe ìdí ṣòkòtò ọmọ
tó ń fi òkúta ṣe àga.
N kò rán ẹnu àpò pa.
Bí afẹ́fẹ́ bá ní bírò, kó wá fi í síbẹ̀.

"Ṣé ó ti tán?"
"Ó ku etí kan."