Ọjọ́ tí Atẹ́gùn Kò Wá

Ọmọbìnrin àbúrò mi ti Nukus dé
pẹ̀lú ìdì wáyà mẹ́fà, òòlù kan,
àti àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kéékèèké bíi bọ́tìnnì.
Ó ní etí ni wọ́n, wọ́n ń gbọ́ ohun tí irin ń rò.
Ó ní, "Bàbá Ótegen, ọkọ̀ yín dà?"
Mo nawọ́ sí iyanrìn.

Ọkọ̀ mi wà níbi tí omi fi í sí,
ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀;
àwọn ọmọ ti fi ọ̀dà kọ orúkọ olólùfẹ́ sí i lára.
Èmi ni mo wà á débẹ̀ gbẹ̀yìn,
lọ́dún tí à ń lé omi kiri bí ẹní ń lé onígbèsè.
Wọ́n ti pàṣẹ fún odò méjèèjì pé kí wọ́n yà sóko òwú.
Òwú là. Ó funfun.
Ilẹ̀ òkun náà funfun, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni tiwa.

Gúlzira so wáyà mọ́ òpó ọkọ̀ mi,
ó fà á la iyanrìn kọjá ní igba ìṣísẹ̀,
ó so ó mọ́ ọkọ̀ olóògbé Ayapbergen.
Ó ní orin ni. Mo ní ta ni yóò kọ ọ́?
Ó ní atẹ́gùn ni. Kò lọ́rọ̀ nínú, kò ní ègbè.
Mo ní, ọmọ mi, orin tí kò lọ́rọ̀, tí kò ṣeé jó,
ṣé kì í ṣe ariwo ni wọ́n ń pè é?
Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ni gbogbo àwọn ará ìlú ńlá ń kó wá fún yín.
Omi wo ló ti inú rẹ̀ sun?"
Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọjọ́ pé. A jókòó lórí àpótí ẹja.
Atẹ́gùn tó ń ṣí wa lórùlé,
tó ń bu iyọ̀ sínú tíì wa láìbéèrè,
kò wá.
Gúlzira tẹ etí mọ́ wáyà, ojú ń tì í.
Ràkúnmí kan wá wò wá, ó lọ.
Ẹnì kan húkọ́, ni gbogbo wa bá húkọ́;
ikọ́ ìlú yìí kì í dá rìn.

Ni Qallıgúl bá dìde.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ha ìpẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja alágolo,
ọ̀bẹ náà ò sì tíì kúrò lápò rẹ̀.
Ó súnmọ́ ikùn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìpáàrà:
ẹ̀ẹ̀mẹta síhà ìrù, ẹ̀ẹ̀kan síhà orí,
ó sinmi díẹ̀, bí ẹni tó ju ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́
tó fẹ́ mú òmíràn.
Ẹ̀rọ gbé e. Ọkọ̀ tó ti yadi láti ọgbọ̀n ọdún
fi gbogbo ikùn dáhùn,
ohùn náà gba abẹ́ ilẹ̀ wọ̀ wá lẹ́sẹ̀.
Aysánem mú kọ́kọ́rọ́. Ìyá Jeńis bọ́ òrùka.
Obìnrin mẹ́sàn-án, wọn ò wojú ara wọn,
ọwọ́ wọn kò ṣìnà.

Èmi ńkọ́? Àwọ̀n ni iṣẹ́ ọwọ́ mi,
àwọ̀n kì í sì í dún.
Mo ṣáà ń fà á, afẹ́fẹ́ lásán, ọwọ́ kan tẹ̀lé èkejì.
Gúlzira rí mi. Kò sọ nǹkan.

Ilẹ̀ ṣú, kálukú lọ jẹun.
Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ ọ lórí ibùsùn:
atẹ́gùn ti dé. Wáyà ń hu
láàárín ọkọ̀ mi àti ọkọ̀ òkú,
ohùn gígùn kan tí kò bẹ ẹnikẹ́ni.
Kò sí ènìyàn níbẹ̀.
Mo wá bàtà rọ́bà tí mo fi ń wọ omi nígbà náà,
mo wọ̀ ọ́, mi ò mọ ìdí,
mo jáde.