Ohun Tí Aṣọ́bodè Lè Kà

Hull. Agogo méjì òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Òjò ń rọ̀ bí alágbàṣe tí a kò tíì sanwó fún:
ó rọ̀, ó dúró, ó tún rọ̀.
Ọkọ̀ Rotterdam ti gúnlẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́,
ẹrù inú rẹ̀ kò lè jáde.
Kóòdù mi ló dí i lọ́nà.

Kọ̀nténà ń bẹ nínú ọkọ̀,
páálí nínú kọ̀nténà,
àpò nínú páálí,
ohun tó wà nínú àpò, ó di ọwọ́ Garside,
ẹni tó kọ ètò yìí, tó sì fẹ̀yìn tì lọ sí Bridlington
láìfi àlàyé kankan sílẹ̀.
Lọ́wọ́ tirẹ̀, ohunkóhun lè jẹ́ ohunkóhun;
àfi kí o ṣí i kí o tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ aṣọ́bodè kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.
Orúkọ ló fẹ́, lẹ́yìn náà iye.
Orúkọ, iye. Orúkọ, iye.
Ìlà gbọọrọ kan tí a lè kà síni létí lórí fóònù.

Mo kọ àṣẹ kan tó mọ orúkọ ara rẹ̀.
Mo ní: bí o bá rí nọ́ńbà, gbé e bó ṣe wà.
Bí o bá rí ọ̀rọ̀, má fọwọ́ kàn án.
Bí o bá rí ọjọ́, sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, ọjọ́ kì í dá kọjá omi.
Ṣùgbọ́n bí o bá bá àpótí pàdé,
ṣí i, kí o pe ara rẹ sí ohun inú rẹ̀,
kí ìwọ tí o pè náà tún pe ìwọ,
títí dé ibi tí kò ti sí ìdérí mọ́.
Nígbà náà kí o máa padà bọ̀,
ti ohun tí o rí ti ohun tí o rí.

Ó lọ. Kò bọ̀.
Fáànù kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Páálí ń tọ́ka sí kọ̀nténà tó gbé e,
kọ̀nténà ń tọ́ka sí páálí.
Ọmọ ní, ẹ bi ìyá mi. Ìyá ní, ẹ bi ọmọ mi.
Àṣẹ mi ń sáré láàárín àwọn méjèèjì.

Mo mọ ọ̀nà yẹn.
Ọdún tí mo dé Sheffield,
báńkì ní kí n mú àdírẹ́sì wá kí n tó ní àkáǹtì,
onílé ní kí n mú àkáǹtì wá kí n tó ní àdírẹ́sì.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí ilẹ̀ yàrá Adéṣeun,
bàtà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.
Ní ìgbà keje, obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì gbójú sókè:
“Ìwọ tún ni? Mo ti rí ọ.”
Ó lu òǹtẹ̀.

Mo fún àṣẹ náà ní ìwé pélébé kan:
kọ orúkọ gbogbo ẹni tí o bá wọlé rẹ̀ síbẹ̀.
Bí o bá tún kàn án, má wọlé mọ́.
Kọ “a ti rí i”, kí o kọjá.

Ó bọ̀.
Gbogbo rẹ̀ ti tẹ́jú, irinwó ìlà.
Ṣùgbọ́n kọ̀nténà tó máa ń kígbe bí omi bá wọ inú rẹ̀
kò lè kígbe mọ́.
Ohun tó jẹ́ ló kọjá, ohun tó lè ṣe dúró sẹ́yìn.
Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ka èmi ní pápákọ̀ Manchester:
orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà.
Mo ti múra ìdáhùn mìíràn sílẹ̀,
wọn kò bi mí.

Mo wo ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlà tó kẹ́yìn.
Irú: isu òdòdó túlíìpù.
Àwọ̀: pupa.
Iye: igba ó lé mẹ́rin.
Ọjọ́ ìtànná: òfo.

Garside ló fi àyè yẹn sílẹ̀.
N kò fọwọ́ kàn án.
Mo tẹ bọ́tìnì, mo wọ kóòtù mi.