Ẹni Tó Gun Òrùlé Mi

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí kò kanlẹ̀kùn.
Ìjì ló kọ́kọ́ rán wá sí Òkè-Àrẹ̀mọ,
ó ká páànù mẹ́ta kúrò lórí yàrá mi
bí ẹni ń ká ẹní lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀,
ó sì jù wọ́n sẹ́yìnkùlé Ìyá Adétóún.
Mo gbé bàsíà síbi tó ń jò,
mo gbé ìkòkò, mo gbé garawa;
nígbà tó yá, mo gbé ara mi sórí àga,
mo ń wo ojú ọ̀run láti inú ilé.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kì í gun àkàbà.
Àwọn ọmọ fi owó ránṣẹ́ láti Kánádà,
ṣùgbọ́n owó kì í di páànù mú nínú ìjì.
Mo gbàdúrà lóru ọjọ́ náà, kì í ṣe àdúrà gidi:
“Olúwa, Ẹ̀yin náà ń rí i.”
Ìyẹn nìkan.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
mo gbọ́ tí ẹnìkan fi àkàbà ti ògiri mi.
Mo yọjú. Láníhùn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́.
Èmi àti Láníhùn kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́
láti ìkórè ọdún kẹta sẹ́yìn.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ló dín nínú owó;
èmi ni mo kà á, òun ló gbé àpò.
Mo sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú ìgbìmọ̀.
Ẹyin lohùn; etí mi gbọ́ bó ṣe fọ́.
Lẹ́yìn oṣù méjì, a rí owó náà
nínú àpò ẹ̀wù akọrin tí wọ́n gbé kọ́.
Ìtìjú wá dí mi lẹ́nu.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì,
àlàáfíà Olúwa a sì máa kọjá láàárín wa
bí ọkọ̀ tí kò dúró gbérò.

“Níbo lẹ kó ìṣó sí?” Ohun tó bi mí nìyẹn.
Ó ti kó páànù lẹ́yìnkùlé,
ó ti fi òòlù lù wọ́n títí wọ́n fi nà.
Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin,
òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì,
tí orókún rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Bó ṣe ń gun àkàbà ló ń pe Jésù:
orókún ló ń dùn ún, kì í ṣe ìwàásù.
Mo di àkàbà mú nísàlẹ̀.
Láti ọdún mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn
tí ọwọ́ wa jọ wà lára ohun kan náà.

Mo rántí àwọn mẹ́rin ará Kapernaumu
tí wọ́n dá òrùlé onílé lu
kí ọ̀rẹ́ wọn lè dé ọ̀dọ̀ Olúwa.
Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn yẹn,
n kò bèèrè rí pé ta ló tún òrùlé náà ṣe.
Ìwé kò sọ.
Lójú tèmi, ọ̀kan nínú wọn ló padà lọ́jọ́ kejì,
tòun ti ìṣó lẹ́nu.

“Láníhùn,” mo ní, “ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn…”
Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè dáhùn.
Ó lu páànù lẹ́ẹ̀mejì.
Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gba ọ̀nà Yemẹ́tù yípo
kí o má baà pàdé ẹnìkan,
má dúró de ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu.
Wo ohun tó ń jò nílé rẹ̀.
Mo ti ń retí ìfẹ́ Ọlọ́run nínú ìwàásù gígùn;
ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó yá àkàbà wá.

Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.
Ibì kan ṣì ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, díẹ̀ díẹ̀.
Mo gbé bàsíà síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.
Lọ́la, màá lọ sọ fún Láníhùn
kó lè tún padà wá.