Ọjọ́ Tí Egbò Ṣe Ọyún

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwọ́ ọmọ ń já ní ilé wa.
Ti Adéyímiká lo oṣù kan ó lé ọjọ́ mẹ́ta.
Mo fi sípírítì nù ún, mo fi aṣọ gbígbóná jó o,
ó rọ̀ mọ́ ọn bí àlejò tí kò tíì fẹ́ wọlé,
tí kò sì fẹ́ padà.
Ìyá ọkọ mi ní, "A kì í rí irú èyí ní ulé wa."
Mo gé aṣọ oníbàárà ní ìgékúgèé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, etí ń ro ó, erìgì wú,
ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un nítan jìn
bí ojú ihò bọ́tìnnì,
ó pọ́n, ó gbẹ, kò sí ọyún níbẹ̀.
Inú mi dùn. Mo ní egbò tó mọ́ ni.
Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan.

Láti Ìfàkì, ọ̀kadà gbé wa dé ọsibítù Ìdó.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dókítà Arówólò ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà.
"Màmá, ọmọ-ogun inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni mẹ́rin lọ,
ṣùgbọ́n wọn ò lè bọ́ sílẹ̀."
Bí ọkọ̀ tó ń ti Ọ̀tùn bọ̀ láìní búréèkì,
wọ́n rí ilé tó ń jó, wọ́n kọjá,
wọ́n yí po, wọ́n tún kọjá.
Kòkòrò àìfojúrí ń jẹun ní yàrá,
ọdẹ tó yẹ kó lé e ń sáré lójú títì.

Ó ní ṣúgà kan ni kò sí lára sẹ́ẹ̀lì wọn.
Mo ní ṣúgà wọ́n o, dókítà, ṣùgbọ́n mo lè rà á.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa bébà yọ, ó yàwòrán.
Mo dá a mọ̀. Húùkù ni.
Húùkù ẹ̀yìn búláòsì!
Ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ó ń dúró,
húùkù ni wọn kò rán.
Inú èmi aránṣọ ni wọ́n ti gbàgbé rẹ̀.

"Láti ọ̀dọ̀ ta ni?" ni ọkọ mi bi í.
Dókítà ní ìdajì lọ́wọ́ rẹ, ìdajì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ;
ẹni tó gbé ìdajì kì í ṣàìsàn, kì í mọ̀.
A dákẹ́.
Ọ̀gọ̀tún ni bàbá-bàbá rẹ̀ ti wá,
Ọ̀gọ̀tún ni ìyá-ìyá mi ti hun ẹní.
Ta ni yóò tú ẹní ọjọ́ wọ̀nyẹn, kó wá fọ́nrán kan?
Mo rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ lóṣù kẹjọ,
orúkọ tí a pè é lẹ́yìn rẹ̀.
Ọmọ náà kò wá fi wá ṣeré. Ó sáré títí, kò ríbi dúró.

Ìyẹ̀fun funfun dé láti òkè òkun nínú ọra,
ìgbà márùn-ún lójúmọ́, nínú ògì.
Dókítà ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń gbọ́ tirẹ̀.
Mo rò ó pọ̀. Mo ń kà á sórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ìjẹta, ó ń rákò, simẹ́ǹtì bó o lórúnkún.
Láàárọ̀ yìí mo tú báńdéèjì:
ọyún.
Kékeré, ó funfun bí omidùn.
Igbe mi ló gbé ìyá ọkọ mi jáde, tòun ti orógùn.
"Ọyún ni, Ìyá! Ẹ wá wò ó!"
Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.
Ta ni yóò ṣàlàyé?
Díẹ̀ nínú wọn ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n jà, wọ́n kú síbẹ̀,
òkú wọn ni mo ń fi òwú nù.

Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Ọ̀la la ó padà sí Ìdó.
Mo gbé búláòsì ìyàwó pásítọ̀ sórí itan,
mo ka húùkù rẹ̀: méje.
Mo tún un kà.