Wáyà Méjì Tí Kò Kan Ara

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Mọ̀pà,
mo so rédíò bàbá mi mọ́ kọ̀ǹpútà.
Mo fẹ́ gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀
tó ń kí wa "Òkun o" lórí afẹ́fẹ́.
Agbọ́n ló dáhùn.
Hùùùùn! Ó gba etí, ó gba eyín,
ó bo ìyá bí ọyẹ́ ṣe ń bo òkè.

Mo yọ ṣájà: agbọ́n dákẹ́.
Ṣùgbọ́n bátìrì mi ti gbó,
ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ojú rẹ̀ ti ṣú.

Bọ́dúnrìn tó ń tún rédíò ṣe lọ́nà Ẹ̀gbẹ́
tú òkú rédíò kan, ó fún mi ní kókó irin
tí kò ju èkùrọ́ lọ:
wáyà méjì wé mọ́ ọn, wọn ò fara kanra.
"Ariwo iná ò ní rọ́nà gbà.
Ohùn nìkan ni yóò fò kọjá."

Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀.
Ọdún mẹ́ta ni bàbá àti ìyá mi fi yan ara wọn lódì:
"Sọ fún un pé iyán ti délẹ̀."
"Sọ fún un pé mo ti yó."
Èmi ni kókó irin.

Ìyá àgbà ń kí wa báyìí.
Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀
kó tó wí pé "Òkun".