Òkìtì Kan Lórí Ìlà

Ìwòrókò, aago méjì òru. Iná ti lọ.
Bátìrì kọ̀ǹpútà ku ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo ń ka ohun tí pírótọ́ọ̀nù fojú pírótọ́ọ̀nù rí
nígbà tí wọ́n forí sọra wọn lókè òkun.

Ohun tó rú mi lójú rèé:
ẹ̀kùrọ́ la sọ lu ẹ̀kùrọ́,
obì àti orógbó ló bọ́ sílẹ̀.
Káónì kan, Lámúdà kan,
àjèjì méjì tí kò sí nínú igbá tẹ́lẹ̀;
ọ̀kan jẹ gbèsè, èkejì san án.

Dókítà Fáṣùyì ní wọn ò ṣàdédé bọ́.
Ẹnìkan dúró láàárín:
pírótọ́ọ̀nù kan gba ẹ̀ṣẹ́, ó wú,
ó kọjá ara rẹ̀,
kò rí àyè mí,
ó tú.
Ìṣẹ́jú tí ojú ń ṣẹ́, ayérayé ni lójú tirẹ̀.
Kò sí ẹ̀rọ tó yà á ní fọ́tò rí.
Ta ló wá fẹ́ sọ pé ó wá?

Bàbá wa, a ò rí wọn rí.
Lọ́jọ́ kan ní Ilúpéjú, Ìyá Àgbà gbé èmi àti èkejì mi
sórí òṣùwọ̀n kòkó, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Wọ́n wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ títí.
“Bàbá yín rèé. Bó ṣe wúwo gẹ́lẹ́ nìyẹn.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.
Mo da ìwọ̀n Káónì pọ̀ mọ́ ti Lámúdà,
mo fi eré tí wọ́n sá kún un,
ìkọlù kan, ẹgbẹ̀rún, ọ̀kẹ́ márùn-ún,
mo tò wọ́n sórí ìlà.
Gbogbo ilẹ̀ tẹ́jú, àfi ibì kan
tó rọra gbé èjìká sókè.
Ọmọ Èkìtì ni mí. Mo mọ òkìtì bí mo bá rí i.

Àmọ́ kò ga ṣánṣán bí àpáta Ìkẹ́rẹ́.
Ó fẹ̀. Ẹni tí kò pẹ́ láyé,
ìwọ̀n rẹ̀ kì í dúró lójú kan.
Ó sì lè má jẹ́ ẹyọ kan,
méjì, mẹ́ta lè fara tira
bí òkè Ẹ̀fọ̀n nínú kùrukùru,
kí ọ̀kan máa bo èkejì mọ́lẹ̀.
Mo bi Dókítà pé èwo gan-an ni bàbá.
Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Lọ bi Ìyá Àgbà rẹ.”

Ìyá Àgbà ti lọ. Òṣùwọ̀n ti dógùn-ún.
Bátìrì ku ìdá kan.
Mo tẹ èkejì mi láago ní Kánò, mo jí i lójú oorun:
“Jọ̀ọ́, kílò mélòó lo jẹ́ báyìí?”