Ìṣó Ara Ògiri

Ìṣó kan wà lára ògiri ilé búrẹ́dì Borbás Gizella,
ní òpópónà tí réluwé ń gbà lọ sí Kőbánya.
Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ eyín iwájú mi,
nítorí òun ni mo ń wò ní gbogbo òwúrọ̀
tí ìyá mi bá rán mi lọ tò sórí ìlà,
tíkẹ́ẹ̀tì búrẹ́dì nínú ìbọ̀wọ́,
kí ojúmọ́ tó mọ́, kí òtútù tó yan ẹni tí yóò mú.

Àwòrán ọkùnrin kan ló wà lórí rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ kún àyà,
ó ń wo òkè orí wa bí ẹni ń wá ọkọ̀ tó ti lọ.
Àṣẹ ni pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbé e kọ́.
Gizella gbé e kọ́. Ó ní,
"Ẹni tí ń po ìyẹ̀fun ò lọ́wọ́ tí yóò fi jà."
Nígbà yẹn, búrẹ́dì ṣì jẹ́ búrẹ́dì.
Nígbà tó yá, àgbàdo wọ inú rẹ̀, ọ̀dùnkún tẹ̀ lé e,
lẹ́yìn náà, nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò béèrè orúkọ rẹ̀
tó máa ń dún kẹ́kẹ́ láàárín eyín.

Rédíò ní à ń borí.
Rédíò ní à ń borí létí odò Don,
ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni akólẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àwọn ìyàwó.
Lőrinc, ọmọ Gizella, ò kọ̀wé mọ́.
Ìyá rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun. Ó ń lù ú ju bó ti yẹ lọ.

Lóṣù kẹta, ọmọ ogun àlejò wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Lóṣù kẹrin, Ungár Malvin, tó ń kọ́ wa ní dùùrù lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
rán ìràwọ̀ mọ́ kóòtù,
ó wá òwú tó bá a mu, nítorí kì í ṣe ìránkúràn.
Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ra nǹkan kí aago mọ́kànlá tó lù.
Aago mọ́kànlá, búrẹ́dì ti tán.
Ṣùgbọ́n mo rí Gizella tó fi aṣọ wé ìṣù kan,
tó tì í sẹ́yìn ààrò.
Ó bojú wò mí: "Ọmọdé, kí lo rí?"
Mo ní iná ni mo rí.

Lóṣù kẹfà wọ́n ní kó kó lọ sílé onírawọ̀.
Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Gizella lọ́wọ́:
"Bá mi bomi rin jẹ̀ráníọ̀mù mi."
Bí ẹni ń lọ gbatẹ́gùn létí adágún fún ọjọ́ méjì.
Gbogbo ilé ń wò láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.
A ò sọ nǹkan kan. Búrẹ́dì ló kún ẹnu wa.

Lóṣù kẹwàá, àwọn ọmọkùnrin tó so aṣọ mápá dé.
Ödön wà lára wọn, tí a jọ jókòó ní kíláàsì,
ikun imú rẹ̀ ò tíì gbẹ.
Wọ́n sọ ọkùnrin àkọ́kọ́ kalẹ̀, wọ́n gbé òmíràn kọ́.
Ìṣó náà ò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Kérésìmesì fi dé, a ti di ará abẹ́ ilẹ̀.
À ń yọ́ yìnyín mu.
Ẹṣin ológun kan ṣubú lẹ́nu ọ̀nà,
kó tó tutù, ọ̀bẹ méjìlá ti wà lára rẹ̀.
Lọ́yà tó ń gbé ní yàrá kẹrin ló mú ẹ̀dọ̀.
Ó kọ́kọ́ ṣí fìlà fún ẹṣin náà.

Nígbà tí a jáde, òrùlé ti lọ, ògiri ṣì dúró.
Férémù ọkùnrin kejì ti di igi ìdáná,
ó se ọ̀dùnkún ìkòkò kan, kò jinná tán.
Gizella mú kọ́kọ́rọ́ Malvin, ó fi í kọ́ sórí ìṣó.

Àwọn ìjọba tuntun gbé àwòrán tuntun wá.
Ödön ló di àkàbà mú fún wọn.
Gizella ní, "Ẹ kan ìṣó tiyín."
Wọ́n kàn án.

Jẹ̀ráníọ̀mù náà ti kú látinú oṣù kìíní.
Ó ṣì ń rán mi gòkè lọ bomi rin ín.